Ọjọ́ Ìparí Sáà: Ọjọ́ tí Ilé Ẹ̀kọ́ Ń Jíhìn fún Ìlú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Òwe yìí bá agboolé wí, ó sì bá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wí pẹ̀lú. Láàárín sáà, olùkọ́ nìkan ni ó máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ. Bàbá wà lóko, ìyá wà lọ́jà, ìlú kò sì mọ ohun tí ń lọ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí sáà bá ti ń parí, pàápàá sáà kẹta tí ọdún ẹ̀kọ́ ń kógbá wọlé, igba ojú wọ̀nyí ni yóò wá wo ohun tí a fi ọmọ wọn ṣe. Ọjọ́ ìtìjú ni ọjọ́ náà fún ọ̀lẹ, ọjọ́ ayọ̀ ni fún akíkanjú, ọjọ́ ìjíhìn sì ni fún olùkọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ìparí sáà kò ju orin, ijó àti káàdì èsì ìdánwò lọ. Ẹni tí ó bá tọ ìtàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà ni ó so ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ìlú. Òun náà ni ọjọ́ tí ó máa ń di dandan fún ilé ẹ̀kọ́ láti sọ èdè tí ìlú gbọ́. Ohun tí ó wà nínú ewu lónìí gan-an nìyẹn.

Kí ilé ìwé tó dé

Àṣìṣe ni kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá bí a ti ń ṣe ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a fi kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ aṣọ híhun tàbí iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ kì í ṣàdédé kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Bí ó bá ti mọ iṣẹ́, àwọn òbí rẹ̀ yóò kó obì, orógbó, ataare àti ohun mímu lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá yóò súre fún un lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà yóò sì gba òmìnira. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti mọ̀ ọ́n ní oníṣẹ́ ọwọ́.

Ní ilé kéú pẹ̀lú, ọmọ tí ó bá ka Kùránì dé ibi tí ó yẹ yóò ṣe wòlímọ̀. Wọn yóò fi aṣọ tuntun wọ̀ ọ́, yóò jókòó láàárín àwọn ààfáà àti ẹbí, yóò sì kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Oúnjẹ yóò wà, ẹ̀bùn yóò wà fún ààfáà, inú ìyá ọmọ yóò sì máa dùn bí ẹni pé òun gan-an ni ó kàwé.

Ohun kan ni ó so ayẹyẹ méjèèjì yìí pọ̀. Ọmọ kò lè sọ pé òun mọ nǹkan títí yóò fi ṣe é lójú àwọn tí ó rán an lọ kọ́ ọ. Ojú àti etí ará ìlú ni ẹ̀rí. Èrò yìí ti wà lọ́kàn àwọn òbí kí ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì tó dé.

Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún 1843, De Graft àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé níbẹ̀. Ìjọ CMS náà dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845, Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther sì wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ó di ọdún 1853 kí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí ilé ìwé fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú ni ó ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ ni ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, Yéjídé àti Akínyẹlé. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣiyèméjì kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ gbọ́ lásán. Ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí i. Ọmọ tí ó lè dìde láàárín àwùjọ, kí ó kàwé jáde ní èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́, kí ó sì tún kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ni ó lè mú ìbẹ̀rù náà kúrò. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ Yorùbá di èdè kíkọ ní àkókò yìí. Ìwé Ìròyìn, tí Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1859, odindi Bíbélì sì jáde ní Yorùbá ní ọdún 1884. Nítorí náà, ohun tí ọmọ yóò kà kí ìlú gbọ́ kò wọ́n.

Ìránṣẹ́ ọ̀gá méjì

Kò pẹ́ tí ọ̀gá kejì fi yọjú. Ní ọdún 1882, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan tí ó kan Èkó. Lábẹ́ ìlànà àkókò náà, èsì ìdánwò wà lára ohun tí ìjọba ń wò kí ó tó san owó ìrànwọ́ fún ilé ìwé. Alábẹ̀wò yóò dé, yóò bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, iye àwọn tí ó bá yege ni yóò sì fi díwọ̀n owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà kà sí. Kò sí owó fún Yorùbá. Láti ìgbà náà ni ilé ìwé ti di ìránṣẹ́ ọ̀gá méjì. Ó ní láti jíhìn fún ìjọba ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní láti jíhìn fún àwọn òbí ní Yorùbá.

Ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó bá wo àwọn kọ́ńsáàtì tí ilé ìwé ń ṣe yóò mọ ọ̀gá tí apá rẹ̀ ń ràn. Orin àti eré Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò ńlá ni ó sì ń jókòó síwájú. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún dé, ìjọba tún mú ọjọ́ kan wá tí wọ́n ń pè ní Ẹ́ńpáyà Dè, ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria. Àwọn ọmọ ilé ìwé yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn yóò yan kọjá níwájú ajẹ́lẹ̀, wọn yóò kí àsíá ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò sì sáré ìje gba ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀, àwọn òbí náà sì ń wá wòran. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń jíhìn fún lọ́jọ́ náà kì í ṣe ará ìlú. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ọjọ́ náà kógbá sílé, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní 27 oṣù karùn-ún sì di ọjọ́ ìyan tuntun fún àwọn ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn sáà yàtọ̀ sí Ẹ́ńpáyà Dè. Ti ìlú ni. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, oṣù Kérésìmesì ni ó máa ń parí, ọyẹ́ á ti máa fẹ́, ìkórè á sì ti ń lọ lóko.

Bí ìdánwò bá ti parí, iṣẹ́ ilẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọkùnrin yóò mú àdá wá láti ilé, wọn yóò gé koríko pápá ìṣeré. Àwọn ọmọbìnrin yóò pọn omi, wọn yóò gbálẹ̀. Ewé ipin tí ó rí háráhárá ni wọ́n fi ń ha àbàwọ́n yíǹkì kúrò lára tábìlì. Níbi tí ilẹ̀ yàrá bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀, wọn yóò fi ẹlẹ́bọ́tọ pa á kí ó lè jọ̀lọ̀. Ìyá tí ó mọ bí a ti ń palẹ̀ lè yà wọlé láti fi han àwọn ọmọ, nítorí pé iṣẹ́ yìí kò sí nínú ìwé olùkọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́: agbọ̀n, ẹní, ìgbálẹ̀, ìkòkò amọ̀ kéékèèké, aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí. Bí ilé ìwé bá ní oko, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òbí ni yóò ra ohun tí ọmọ wọn fúnra wọn gbìn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ọmọ: ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun níye lórí lójú ẹni tí ó bí òun.

Ní ọjọ́ náà gan-an, baálẹ̀ tàbí aṣojú ọba yóò jókòó, àlùfáà tàbí ààfáà yóò gbàdúrà, ọ̀gá àgbà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Bí ó bá ti pe ẹni tí ó gbégbá orókè ní ìwé kìn-ín-ní, ariwo yóò ta. Ìyá ọmọ kò ní lè jókòó mọ́. Yóò jó lọ síwájú, yóò máa ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì ìdílé, àwọn ẹbí yóò sì máa fún ọmọ lówó. Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti pẹ́ńsù kan lè jẹ́ gbogbo ẹ̀bùn tí ilé ìwé ní láti fúnni, ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá kì kò ṣe é fi owó rà. Ọmọ onílé yàtọ̀ sí ọmọ ilé kejì. Síbẹ̀ odindi àdúgbò ni yóò máa sọ pé ọmọ àwọn ni.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ọmọ tí ó bá gbé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń pe orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí dé ilé. Ẹgba ń bẹ lọ́wọ́ olùkọ́, òmíràn sì ń dúró de ọmọ nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó lóye ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ oko kò jẹ́ kí ó rójú kàwé ni ìtìjú ọjọ́ yìí lé kúrò ní ilé ìwé. Ẹni tí ó bá ń yin àtijọ́ gbọ́dọ̀ sọ eléyìí pẹ̀lú, kí ó má baà jẹ́ pé ìdájí ìtàn ni a ń kọ́ àwọn ọmọ.

Kọ́ńsáàtì ní èdè ìlú

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni kọ́ńsáàtì. Nínú sáà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní òfin tí ó ka Yorùbá sísọ léèwọ̀. Ọmọ tí ó bá sọ ọ́ yóò san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n so nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo eré Gẹ̀ẹ́sì ní abúlé tí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ju ènìyàn mẹ́ta lọ? Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí àwọn òbí rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì mọ̀ pé owó wọn kò ṣègbé, àfi kí ó fi Yorùbá ṣe é. Ní ọjọ́ ìparí sáà, èdè tí wọ́n lé síta láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yóò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Àwọn ọmọ yóò ka ewì tí wọ́n kọ́ sórí láti inú Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ, wọn yóò pa àlọ́ ìjàpá, wọn yóò sì ṣe eré onítàn.

Kì í ṣe ohun kékeré ni èyí nínú ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá. Hubert Ògúńdé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀, òpómúléró mẹ́ta nínú eré orí ìtàgé wa, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. D. O. Fágúnwà, tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, olùkọ́ ni òun náà. Ìjọ àti àwọn alárìnjó ní ipa tiwọn lára àwọn òṣèré wọ̀nyí. Síbẹ̀ ẹni tí ó ti kọ́ ọmọdé ní orin, tí ó sì ti dúró níwájú òbí tí kò mọ̀wé, ti mọ ohun tí ń mú àwùjọ Yorùbá dákẹ́ jẹ́ẹ́ àti ohun tí ń mú wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ládiípọ̀ lo ìlù ìbílẹ̀ nínú eré Àjíǹde tí ó ṣe fún ìjọ ní Òṣogbo ní ọdún 1961, inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i. Ìjà kan náà ni: ṣé ohun ìlú lè wọ ibi tí òyìnbó kọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ọjọ́ ìparí sáà ti dáhùn ìbéèrè náà tipẹ́.

Ọdún 1955 àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. S. O. Awókọ̀yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé ní ọdún 1954 lé díẹ̀ ní 450,000. Ní ọdún 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Ilé ìwé dé abúlé tí kò ní i rí. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ará ìlú ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀, tí wọ́n po amọ̀, tí wọ́n sì ru igi òrùlé. Ẹni tí ó fi èjìká ru igi ilé ìwé kò ní ṣàì wá síbẹ̀ lọ́jọ́ ìparí sáà. Ó fẹ́ mọ ohun tí igi òun bí.

Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Ọmọ pọ̀ sí i, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n nǹkan kan rọra ń bọ́ lọ́wọ́. Ilé ìwé tí ó ti jẹ́ “tiwa” di “ti ìjọba”. Bí òrùlé bá ṣí, ìlú yóò dúró de ìjọba. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, tí owó oṣù olùkọ́ ń falẹ̀, àwọn òbí tí ó lágbára bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé aládàáni.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni wọ̀nyí, ayẹyẹ kò dín kù. Ó pọ̀ sí i. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde bíi ti yunifásítì, ayàwòrán ń yà á, òbí ń san owó aṣọ, owó oúnjẹ àti owó àwòrán. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá àgbà tí ó tọ́ ọmọ náà, tí ó ń pọn ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, yóò jókòó sẹ́yìn, yóò máa pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá rí i pé àwọn mìíràn ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n pè é síbi ìjíhìn, wọn kò jíhìn fún un.

Àwọn kan lè sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi jẹun lọ́la. Ìwádìí ti dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò gbé ẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Síbẹ̀ ìlànà ìjọba kò dúró lójú kan. Ní ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ Yorùbá di dandan ní ilé ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ti ọdún 2022 náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò.

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Ìlànà ìjọba lè yí padà ní Àbújá, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìparí sáà kò kúrò lọ́wọ́ ilé ìwé. Kò sí ìwé àṣẹ tí ó ní kí ọ̀gá àgbà má fi Yorùbá kí baálẹ̀ káàbọ̀. Kò sí òfin tí ó ní kí ọmọ má ka ewì Yorùbá kan, tàbí kí ọmọ ìwé mẹ́fà má sọ fún àwọn àgbà, ní èdè tí wọn yóò gbọ́, ohun tí ó kọ́ nípa omi, ara àti ìṣirò. Kò sì ná ilé ìwé ní kọ́bọ̀ láti fi ààyè sílẹ̀ fún ìyá àgbà kí ó ki ọmọ rẹ̀.

A lè mú ohun rere àtijọ́, kí a fi ìkà rẹ̀ sílẹ̀. Kí a yin ẹni tí ó gbégbá orókè, kí a má sì fi ẹni tí ó gbé ẹ̀yìn ṣe ẹlẹ́yà. Kí a pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun ọ̀gbìn, kí ọmọ tí ìwé kò tètè yé lè rí ibi tí ìlú yóò ti yìn ín. Kí a pe ará àdúgbò wá tún àga àti òrùlé ṣe kí ọjọ́ náà tó kò, nítorí ẹni tí ó bá bá wa ṣiṣẹ́ ni yóò bá wa dáàbò bo iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Igba ojú ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wo ọmọ wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti rí i pé bí ojú wọn bá ti rí i, etí wọn pẹ̀lú yóò gbọ́ ọ.